Àmì Ọ̀dà Funfun tí Mo Nù Kúrò Lára Pùròpẹ́là Àbúrò Mi

Ẹ bá mi gbé ife yín sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kí mi kú oríire láti àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ẹni tó bá ti gbàdúrà fún mi, kó gbà á padà fún ìgbà díẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán, tó bá ṣì wù ú, kó tún un gbà. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, ẹ má dìde, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Rédíò, ìwọ aránṣọ ilé kejì, fa àga rẹ súnmọ́ mi dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ààbọ̀ kí o wá fi ẹ̀rọ tìrẹ rán ààbọ̀ tó kù. Òótọ́ kan wà níkùn mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí mi ò bá sọ ọ́, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ yìí á di irọ́ tí mò ń wọ̀ jáde láràárọ̀ bí ẹ̀wù. Ẹ̀ ń wí kiri pé èmi ni mo mọ ibi tí jíìpù àbúrò mi ti bàjẹ́. Ẹ kò purọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo mọ̀ ọ́n torí pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìyá wọn, ìyàwó mi, má wò mí báyẹn. Ìwọ ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí àwọn tó kù náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ogún. Awakọ̀ ni bàbá wa, jíìpù àtijọ́ tí ẹ rí lábẹ́ igi yẹn ló sì fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó pe àwa méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ní kí n mú àpótí irinṣẹ́ òun, gbogbo sípánà, òòlù àti jáàkì, torí pé èmi ni mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ní kí àbúrò mi mú jíìpù, torí pé òun ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, á mọ̀ pé bàbá fẹ́ kí á jọ máa ṣe é ni: ẹni tó ní ọkọ̀ kò ní irinṣẹ́, ẹni tó ní irinṣẹ́ kò ní ọkọ̀. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé: ìwọ, máa ṣiṣẹ́; ìwọ, máa jayé. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti gba àyà mi, ó jókòó síbẹ̀, kò dìde mọ́. Owú ni. Mi ò ní fún un lórúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi, baba ọlọ́mọ, tí irun funfun ti ń yọ nírùngbọ̀n, mò ń jowú jíìpù tí kò tilẹ̀ lè rìn. Adìẹ ló ń yé sórí àga iwájú rẹ̀ nígbà náà, tí mo bá sì ti kọjá, tí mo rí adìẹ náà tó ṣe bí ìyàwó awakọ̀, inú mi á dùn. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé kó máa yé lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ àbúrò mi. Onígbàjámọ̀ ni. Irun ló ń gé, irùngbọ̀n ló ń fá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti garawa omi, ó bẹ adìẹ, ó gbé àwọn ẹyin kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ jíìpù. Nígbà tó ṣe é tán, ó wá bá mi pé, Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní sípánà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ gbé ọkọ̀ náà ga sókè, kí ikùn rẹ̀ má máa ha àpáta mọ́, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa fà, kó lè gun òkè olókùúta tó lọ sí kílíníìkì Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. Kílíníìkì ń wá ẹni tí á máa gbé oògùn àti aláìsàn lójú ọ̀nà náà, kò sì sí ọkọ̀ kankan tó gùn ún tí kò sunkún. Ó ní òun ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo bi í bóyá ó fẹ́ gẹ etí ọkọ̀ náà ni, tàbí ó fẹ́ fá a kodoro. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá ga tán ni òun á mọ irú irun tó bá orí rẹ̀ mu. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ bú u, á bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú ìyà tí ìyẹn fi ń jẹ ẹni tó ń jowú.

Mo yá a ní sípánà torí mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ á bọ́ nínú iṣẹ́ náà. Kò bọ́. Ó tẹ́ aṣọ tó fi ń bo ọrùn àwọn oníbàárà sábẹ́ ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó ń tú nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń nu ẹ̀rọ ìgẹrun, ó sì ń tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ó yọ sípíríǹgì àtijọ́, ó fi èyí tó ga sí i. Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì sí èyí tó gùn. Ó rántí pé rọ́bà tí òróró bírékì ń gbà náà gbọ́dọ̀ gùn, kó má baà já tí ọkọ̀ bá na ẹsẹ̀. Ó ṣí ìdí ọkọ̀, ó pààrọ̀ àwọn eyín ńlá inú rẹ̀, kó lè máa fi sùúrù gun òkè. Èmi tí mo fi iṣẹ́ yìí jẹun, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, mò ń wá àṣìṣe. Nígbà tí mo bá rò pé mo ti rí i, á tún un ṣe kí n tó la ẹnu. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, kò sí ẹni tó ń dúró wò mí. Àgbàlá wa ńkọ́? Ó kún. Rédíò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde síta kó lè máa wò. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ gbé omi tútù lọ fún un, nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Wo bí àbúrò rẹ ṣe to nọ́ọ̀tì bí ẹni to eyín sẹ́nu. Ìwọ, nínú ilé yìí, bàtà lásán, ṣé o to ó rí?" Mo wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan dojú délẹ̀, ìkejì ti lọ.

Láti orí bàtà náà ni ìwà ìkà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo mú sípánà onínọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, èyí tí kò lè ṣe kó máà lò, mo kì í bọ inú bàtà mi, mo wọ bàtà náà lé e. Ó wá a títí, ó wá a títí. Ó wá rí i pé mò ń tiro. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ń dùn yín ni? Mo ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ta mí. Ẹ gbà mí, kò ju kí n sọ bẹ́ẹ̀ lọ, ọkùnrin yìí sáré jáde, ó ra ìpara wálé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi níbi tí gbogbo yín wà, ó ní kí n bọ́ bàtà kí òun bá mi fi ra á. Mo ní rárá. Ó ní kí n má tijú. Mo ní ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ràn ìpara. Ó di ẹsẹ̀ mú, èmi náà di ẹsẹ̀ mú, àwa méjèèjì ń fa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lójú ayé. Ìgbà tó jẹ́ pé ara mi ò gbà á mọ́, mo fò sókè, mo sá wọ yàrá lọ. Ẹ rántí, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ẹ̀rín ìdánilárayá ni. Olè ló ń sá lọ, ẹrù tó jí sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo jù ú padà sínú àpótí nígbà tí kò sẹ́nìkan nítòsí, ó rí i, ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò wò ó dáadáa.

Ọjọ́ tó sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, ó ga débi pé èmi tí mo ga tó yìí, ojú mi kò kọjá ojú fèrèsé rẹ̀ rárá. Rédíò ní ó dà bí ọmọge tó wọ bàtà gogoro. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dùn mí lẹ́yìn náà, torí pé mo fi ìbínú pa á.

Ó wá ku iṣẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ yé yín, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Irin gígùn kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí à ń pè ní pùròpẹ́là. Òun ló ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ìdí ọkọ̀. Apá méjì ni; ọ̀kan ń wọ inú èkejì, eyín sì wà lára àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá fà wọ́n yọ, ẹ gbọ́dọ̀ dá wọn padà sí eyín tí wọ́n ti kúrò gan-an. Tí ẹ bá fi eyín kan ṣe àṣìṣe, á wọlé, á dì, ojú kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ìdí nìyí tí bàbá wa kò fi jẹ́ kí á fa pùròpẹ́là yọ rí láìjẹ́ pé a ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan kọjá lórí apá méjèèjì. Tí ẹ bá ń dá a padà, ìlà á pàdé ìlà, ó tán. Nígbà tí ọkọ̀ ti ga, oríkèé pùròpẹ́là náà kò lè tẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi rántí ọ̀rọ̀ bàbá. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó fi ń fa ìlà iwájú orí fún àwọn ọ̀dọ́, ó tì í bọ ọ̀dà funfun, ó fa ìlà kan tó gún régé. Ó fà á yọ. Ó to apá méjèèjì sórí aṣọ. Oníbàárà kan tó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ sì ránṣẹ́ sí i. Ó nawọ́ sí pùròpẹ́là náà, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó kí adìẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó fi mí ṣe olùṣọ́. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, adìẹ ló ń bẹ̀rù.

Mo ta epo pẹtiróòlù díẹ̀ sí àkísà. Mo nu ìlà náà kúrò lára apá kan. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì àbúrò mi, mo fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, eyín méjì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Mo fẹ́ ẹ kó gbẹ. Mo fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìfẹ́, bí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fọ́mọ. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí fún oníbàárà kankan, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé mọ́tò yín wá sọ́dọ̀ mi, ẹ má bínú. Nígbà tó dé, ó pààrọ̀ oríkèé, ó ti apá kan bọ inú èkejì, ìlà pàdé ìlà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní inú Bàbá á dùn. Mo ní àmín.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá gun ún wò. Ẹ gbé àpótí ìgò oògùn lé itan, ẹ sì jókòó bí ọba. Ẹ lọ, ẹ padà. Nígbà tí ẹ ń padà bọ̀, awò ojú yín ti bọ́ sórí àgbọ̀n, ìgò ń lu ìgò, ohùn yín gan-an ń gbọ̀n. Ẹ ní tí ẹ bá gbé aboyún sínú ọkọ̀ yìí, orí kòtò àkọ́kọ́ ló máa bí i sí. Gbogbo àgbàlá wó fún ẹ̀rín. Èmi ni mo sì pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n pe àbúrò mi ní Gbọ̀nrìgbọ̀nrì. Èmi ni. Ẹ ti ń rò pé Rédíò ni. Rédíò, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tìrẹ náà. Ìwọ kàn gbé e sórí afẹ́fẹ́ ni. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ni á ki orí bọ abẹ́ abẹ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí. Àga oníbàárà ṣófo. Kílíníìkì sì gba ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ó ń nu díńgí, ó ń jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀.

Ó wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí gbogbo nǹkan sú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi bó ṣe máa ń jókòó nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo gbogbo rẹ̀, mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́. Ẹ dákun, ibo ni mo ti ṣì í?" Mi ò ní gbàgbé ohùn yẹn láé. Mo lè gbà á là níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, mo fi òòlù gbá ibí, mo gbá ọ̀hún, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ìlà funfun tí mo fà. Mo jáde, mo mi orí bí dókítà tó fẹ́ kéde òkú. Mo ní gíga yẹn ló bà á jẹ́. Mo ní Bàbá kò fi í lé e lọ́wọ́ kó wá sọ ọ́ di àkàbà. Mo ní kó tú gbogbo rẹ̀, kó dá sípíríǹgì àtijọ́ padà. Kò bá mi jiyàn. Ó ní agbára òun kò gbé e mọ́, pé òun á kúkú fà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọkọ̀ tí bàbá wa fi tọ́ wa. Mo gbọ́ ọ, mo wọlé, mo sì sùn dáadáa.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí àwọn onírin tètè wá. Òjò ló kọ́kọ́ wá, ó wó afárá ọ̀nà ńlá, gbogbo ọkọ̀ ibí há sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tó gba iṣẹ́ kílíníìkì rì sínú ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Àsìkò yẹn ni ikùn mi yan láti dá mi lóró. Ibà tẹ̀ lé e. Mo ń gbóná, mo ń tutù, mo ń pe orúkọ àwọn tó ti kú. Ìyàwó mi pariwo pe àbúrò mi. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gbé mi ní àgbékọ́ èjìká, ó tẹ́ mi sórí àga ẹ̀yìn jíìpù, ó gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá sí ẹ̀gbẹ́ orí mi, ó ní a ò mọ ohun tí ọ̀nà á fẹ́. Ìyàwó mi jókòó síwájú, ó nawọ́ sẹ́yìn di ẹsẹ̀ mi mú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ro òkè yẹn, mo ń ro pùròpẹ́là mi. Mo mọ̀ pé tó bá gbọ̀n jù lórí àpáta, oríkèé lè já, ọkọ̀ á yí padà sẹ́yìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì lọ bá bàbá kí á lọ ṣàlàyé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Àga ń gbọ̀n. Eyín mi ń lu ara wọn. Ó ń le sí i. Mo figbe ta. Mo ní dúró, dúró, èmi ni, mo nu àmì yẹn, mo fà á sí ibòmíràn, eyín méjì ni mo fi yẹ̀ ẹ́, owú ló ṣe mí, má gun òkè yẹn, a máa kú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán láìmí. Òjò nìkan ni mò ń gbọ́ lórí páànù.

Àbúrò mi yíjú padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì sítáátì ọkọ̀."

Ibà ló ń gbọ̀n mí. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè, èmi náà á rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe èmi. Ọkọ̀ dúró jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, èmi nìkan ni mò ń jó nínú rẹ̀. Ìyàwó mi kàn yọ ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ẹsẹ̀ mi mú. Àbúrò mi wò mí, ó wò mí. Ó lè gbé mi sílẹ̀ sínú òjò, kò sí ẹni tó máa bi í. Ó ní, "Sí apá wo?" Mo ní ọ̀tún. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó ń fi agbòjò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta. Ohùn rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀, tààrà lábẹ́ ẹ̀yìn mi: mẹ́tàdínlógún. Mo nawọ́ gbígbóná sínú àpótí, mo wá a, mo nà á sí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní òòlù. Mo na òòlù. Bàbá ti kú tipẹ́, ọjọ́ náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ogún rẹ̀.

Nígbà tó wá sítáátì, tí a sì gbéra, mi ò mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Ọkọ̀ náà lọ bí omi inú kòtò. Ó gun àpáta bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ kan, ó ń ká èkejì, èmi sì wà lórí àga bí ọmọ lẹ́yìn ìyá. Ẹ gbọ́ èyí tó burú: mo wà láàárín ikú àti ìyè, owú tún jẹ mí. Mo ní nínú ara mi pé, ọkọ̀ yìí mà dára o, ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n ṣe o.

Nígbà tí a dé kílíníìkì, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, ẹ jáde, ẹ wo jíìpù, ẹ ní ṣé èyí tó fẹ́ jẹ eyín yín lọ́jọ́sí nìyí. Ẹ bèèrè pé ta ló tún un ṣe. Mo di ojú mi. Mo mọ̀ pé ó tán. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ ibi tó ti bàjẹ́." Kò purọ́, kò sì tú mi fó. Ẹ̀yin lẹ wá fi ìyókù kún un nígbà tí ibà ti fi mí sílẹ̀. Ẹ ní ẹni tó lè mọ àìsàn ọkọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kú lọ, òun ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá lórí ọkọ̀ kílíníìkì, kí àbúrò rẹ̀ máa wa jíìpù yìí lábẹ́ rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, ẹ ṣeun mà.

Ibẹ̀ ló burú jù lọ. Ìlà tí mo nù, owú ló nù ún. Sípánà inú bàtà, ìwà ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ẹ ṣeun" yẹn, mo ti jẹ́wọ́ tán, wọ́n ti gbà mí là tán, orí mi sì ti tutù kí n tó sọ ọ́. Mo gba iyì ẹni tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, ẹ ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ sì ń pè é ní Gbọ̀nrìgbọ̀nrì síbẹ̀. Kò bá mi sọ ọ́. Ìyàwó mi náà kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ mi kò gbóná mọ́.

Àárọ̀ yìí ni mo rí ohun tó fọ́ mi. Ó ti fa pùròpẹ́là yọ láti fi gíríìsì sí i, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ bí i ti ọjọ́ kìíní, ìlà funfun tuntun wà lára rẹ̀. Mo ń kọjá lọ, mo fẹ́ kí i káàárọ̀ ni. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi bo ìlà náà. Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ó dá mi lóhùn káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìrìn ń fi ọwọ́ bo nǹkan torí pé mo ń bọ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí ẹ ń to àga fún ayẹyẹ mi, mo mọ̀ pé mi ò ní lè jókòó sórí ọ̀kankan nínú wọn.

Nítorí náà, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, ẹ gba ipò yín padà. Ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín, ọkọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi sin orúkọ Gbọ̀nrìgbọ̀nrì lónìí; ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù, kó máa fi pè mí, ó bá mi mu, èmi ni mo gbọ̀n nínú ọkọ̀ tó dúró. Kí ẹ sì lọ gẹ irun yín, orí yín ti kún jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn, tí nǹkan àbúrò yín tàbí ti ọ̀rẹ́ yín bá ń dára, tí àyà yín ń ta, ẹ sọ ọ́ síta kíákíá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní, owú ń jẹ mí o. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ó tán. Èmi gbé e mì, ọwọ́ mi ló bá mi sọ ọ́. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ kí o gbàgbé o. Mo bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí, bí o tilẹ̀ rántí.

Ó dìde. Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn? Ẹ yà fún un, ẹ jẹ́ kó kọjá, òun ló ni ilé pẹ̀lú mi. Pùròpẹ́là ni, apá méjèèjì. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní ọwọ́ òun méjèèjì ti kún, kí n wá bá òun wò ó bóyá ìlà bá ìlà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìyá wọn, ìwọ náà wá dúró sí ẹ̀yìn mi, kí o máa wo ọwọ́ mi. Gbé e sókè díẹ̀, àbúrò mi. Yí i sí òsì. Díẹ̀ sí i. Dúró. Jẹ́ kí n tún un wò.